Ọjọ́ tí Kóòṣì Gbé Ọ̀gá Àgbà Sórí Bẹ́ǹṣì

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì ti ṣù bo pátákó ìkéde bí èèrà tó rí ṣúgà.

Ìyá Ọlọ́ràá, ìyẹn obìnrin tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá, ló kọ́kọ́ rí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ súnmọ́ ibí. Wọ́n ní ẹ máa ń sùn nídìí ààrò."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Máàkì méjìlélógún ni wọ́n fún yín nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi gba mọ́kànléláàádọ́rin, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnu mi yára ju ẹsẹ̀ mi lọ. Èmi! Ẹnu mi!"

Mo ka ìwé náà. Mo tún un kà.

Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi. Ọ̀kan kò jẹ́ kí èkejì ráyè.

Akọ̀wé wa ló kọ ọ́. Òun ló ń to orúkọ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ta ni yóò po fùláwà, ta ni yóò wà nídìí ààrò, ta ni yóò di búrẹ́dì. Kóòṣì la máa ń pè é, nítorí géèmù bésíbọ́ọ̀lù kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí bésíbọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹlòmíràn á fi igi gbá a gbàà, á sì máa sá yípo pápá bí ẹni tí oyin ń lé. Kóòṣì kò fọwọ́ kan irú igi bẹ́ẹ̀ rí láyé. Àtẹ̀gùn mẹ́fà péré ló wà níwájú ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa ń sinmi kó tó gùn ún tán.

Ṣùgbọ́n nínú géèmù, ọba ni.

Ẹni tó bá ń ṣe géèmù náà ló máa yan ikọ̀ tirẹ̀: àwọn mẹ́sàn-án tí yóò wọ pápá, àwọn tí yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tí wọ́n máa tà fún ikọ̀ mìíràn. Ó sì lè pa orúkọ àwọn eléré dà bó ṣe wù ú. Kí ni Kóòṣì ṣe? Ó kó orúkọ gbogbo wa sínú rẹ̀. Ó fún oníkálùkù ní máàkì lórí sísáré, jíju nǹkan àti mímú nǹkan, ó wá kọ àlàyé sídìí rẹ̀. Irú ìwé kan náà tó fi ń to iṣẹ́ wa ló fi ń to ikọ̀ rẹ̀. Ó ní ètò ni ètò ń jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Ọ̀gá Àgbà, tó ni ilé búrẹ́dì, ti sọ pé láago mẹ́jọ òun yóò kéde ẹni tí yóò di alábòójútó gbogbo wa. Ọdún mẹ́rin ni Kóòṣì ti ń lé ipò yẹn bí ajá ṣe ń lé ìrù ara rẹ̀. Ó ti lọ aṣọ. Ó ti fi pólíìṣì pa bàtà títí ó fi ń kọ mànà. Ó fẹ́ tẹ ètò ọ̀sẹ̀ jáde, ti ikọ̀ rẹ̀ ló tẹ̀, kò bojú wò ó, ó nà án sí Bàbá Géètì, mẹ́gàádì wa, pé kó lọ lẹ̀ ẹ́.

Bàbá Géètì kà á. Ó rí orúkọ ara rẹ̀.

"Bàbá Géètì: méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé. Olórí ikọ̀."

Ọdún mẹ́tàlá ni bàbá náà ti ń ṣílẹ̀kùn fún wa, kò sẹ́ni tó yìn ín rí. Ó gbé gọ́ọ̀mù, ó da odindi ike kan sẹ́yìn ìwé náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú mọ́ pátákó. Gbà! Gbà! Gbà! Bí ìjì bá gbé pátákó yẹn lọ, ìwé náà á bá a lọ.

Bí mo ṣe ń ka tèmi lẹ́ẹ̀kẹta ni Kóòṣì jáde síta. Ó ń súfèé. Ó gbójú sókè wo pátákó.

Súfèé kú.

"Yéè! Mo dáràn!"

Ó fò mọ́ pátákó, ó ń fi èékánná ha ìwé wàràwàrà. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Orí ìwé nìkan ló já sí i lọ́wọ́, ibi tó kọ "Ikọ̀ Bésíbọ́ọ̀lù Mi" sí. Lẹ́sẹ̀ kan náà la gbọ́ bàtà Ọ̀gá Àgbà: kò, kò, kò.  Kóòṣì ju bébà tó já náà sẹ́nu, ó sì gbé e mì. Káló!

Ìyá Ọlọ́ràá wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò tíì jẹun ni?"

Ọ̀gá Àgbà fi awò sójú. Ó ń ka ìwé bọ̀ láti òkè, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tó kan orúkọ tirẹ̀, ó kà á sókè bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò:

"Ọ̀gá Àgbà. Sísáré, mẹ́sàn-án. Mímú nǹkan, mẹ́fà. Ó ti gbó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e sórí ọjà, kò sẹ́ni tó rà á. Bẹ́ǹṣì."

Ó fi ìka pe Kóòṣì.

"Akọ̀wé."

"Sà!"

"O gbé mi sórí ọjà."

"Géèmù ni, sà! Géèmù bésíbọ́ọ̀lù ni!"

"Níbo lo kọ géèmù sí?"

Kóòṣì fọwọ́ kan ikùn. "Ó wà lókè ìwé yẹn tẹ́lẹ̀, sà."

"Níbo ló wà báyìí?"

"Ó wà nínú mi, sà."

Ìyá Ọlọ́ràá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fi ọ̀rá búrẹ́dì bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta!" Ọ̀gá Àgbà tún sọ ọ́. Ó jọ pé ọjà tó kùtà yẹn ló dùn ún ju títà lọ. "Ta lo tiẹ̀ fi mí lọ̀?"

"Ikọ̀ méje, sà. Nígbà tó yá mo ní kí wọ́n gbà yín lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kò sáyè."

Ọ̀gá Àgbà mí kanlẹ̀, ó ń kàwé lọ. "Èmi Kóòṣì. Sísáré, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Jíju nǹkan, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Mímú nǹkan, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọwọ̀n ilé." Ó yọ awò. "Ó dáa, ká dán mímú nǹkan yẹn wò. Ẹ bá mi gbé búrẹ́dì tó jóná lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wá."

Ó jóná lóòótọ́. Mo ń sùn ni. Ó ti le bí òkúta odò.

Gbogbo wa bọ́ sí àgbàlá. Kóòṣì na ọwọ́ méjèèjì, ó sì di ojú. Ọ̀gá Àgbà ju búrẹ́dì.

Gbòó! Iwájú orí.

Ó ju òmíràn.

Gbòó! Imú.

Ìkẹta kò tíì kúrò lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà tí Kóòṣì ti ṣubú lulẹ̀ fúnra rẹ̀.

Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Ọ̀gá Àgbà yíjú, ó ju ìkẹta náà sí Bàbá Géètì. Bàbá Géètì ń fi bírò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ha etí. Ó fi ọwọ́ òsì mú búrẹ́dì. Pàì! Kò tilẹ̀ wò ó. Ó ń bá etí rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Àgbà bojú wo Kóòṣì nílẹ̀.

"Akọ̀wé, báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ajá kan gbé búrẹ́dì sá lọ níjọ́ kan, sà," ni Kóòṣì wí láti ilẹ̀. "Láti géètì ni bàbá yìí ti sọ òkúta. Ó ba búrẹ́dì lẹ́nu ajá, kò ba ajá."

"Ọdún mẹ́tàlá, mi ò mọ̀!" Ọ̀gá Àgbà mirí. "Akọ̀wé, mo ti yẹ ìwé rẹ wò. Ìyá Ọlọ́ràá, òótọ́ ni. Ẹni tó wà nídìí ààrò, òótọ́ ni. Tìrẹ nìkan ni irọ́. Nítorí náà, ẹni tí o fi ṣe olórí ikọ̀ ni alábòójútó láti òní lọ."

"Ta ni, sà?"

"Bàbá Géètì."

"Ṣùgbọ́n sà, ọdún mẹ́rin ni mo ti..."

"Ìwọ lo kọ ọ́. Ṣé kí n wá máa bá akọ̀wé mi jiyàn ni?"

Bàbá Géètì wú ikọ́, ó gbé àyà síta. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó kò gùn.

"Ó ku ẹni tí yóò máa ṣọ́ géètì. Kóòṣì, gbà!"

Ó ju ìdì kọ́kọ́rọ́ sí i. Kọ́kọ́rọ́ bà á láyà, wòròwòrò, ó tú ká sílẹ̀.

Bàbá Géètì lọ síwájú pátákó. Ó fi bírò fagi lé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tí Kóòṣì fún ara rẹ̀ lórí mímú nǹkan, ó wo ẹni tó ń ṣa kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀, ó ṣàánú rẹ̀ díẹ̀, ó sì kọ òmíràn sí i.

Ọ̀gá Àgbà sáré fi awò sójú, ó na ọrùn wo ohun tó kọ.

"Mẹ́ta!" Inú rẹ̀ dùn, gbogbo eyín rẹ̀ yọ síta. "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi! Èmi gba mẹ́fà!"