Vardges Gbé Ìyá Rẹ̀ Àgbà Sínú Fíìmù, Ó sì Pa Á

Ẹ bá mi kí Vardges, Akọni-iwájú-dígí, ọkùnrin tí kì í kọjá lára fèrèsé ọkọ̀ kó má kí ara rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Irun rẹ̀ dúdú ju ìdí ìkòkò lọ, ṣùgbọ́n àwa ará ìlú Gyumri ní: ẹni tó bá kun ewú láró, ẹ jẹ́ ká bi orúnkún rẹ̀ ní ọjọ́ orí.

Ọkùnrin yìí ló ní òun máa ṣe fíìmù ìfẹ́ nípa bàbá òun àgbà, Hovsep, àti Nvard ìyàwó rẹ̀: bí wọ́n ṣe bọ́ lọ́wọ́ ikú lọ́dún 1915, nígbà tí àwọn sójà ìjọba ń pa ẹ̀yà wa bí ẹran, tí wọ́n sì ń lé àwọn tó kù jáde nílé. Ọmọ ogún ọdún ni Hovsep nígbà náà. Ta ni yóò ṣe Hovsep? Vardges náà ni!

Obìnrin tó ń kun àwọn òṣèré lójú bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ebi ti ń pa àwọn èèyàn yìí láti ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí n fi eérú díẹ̀ pa yín lójú, ẹ ti ń dán jù."

"Fi mí sílẹ̀! Akọni kì í rù."

"Ikùn yín ńkọ́?"

"Ẹ fi ọ̀já dè é."

Wọ́n dè é. Nínú fíìmù náà, ó gun ẹṣin funfun, ó fi idà kan lé ọgọ́rùn-ún sójà. Wọ́n dé etí odò Araks, Nvard bá kú sí i lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gbáko ló fi sunkún. Irun kan ò yẹ̀ lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé fíìmù náà jáde, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Iwájú pátápátá ni Vardges mú Màmá Arpenik jókòó sí, àbígbẹ̀yìn Hovsep àti Nvard, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, kí àwọn oníròyìn lè ya omijé rẹ̀. Màmá ò sunkún. Ọ̀pá ló fi lu ilẹ̀.

"Vardges! Ẹṣin ta nìyẹn? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ó sì kú lọ́jọ́ kẹta."

"Àǹtí, iṣẹ́ ọnà ni," ni Vardges wí, ó ń fi eyín han kámẹ́rà.

"Ibà ń ṣe bàbá mi. Ìyá mi ló pọ̀n ọ́n fún ọjọ́ mọ́kànlá, pẹ̀lú aṣọ obìnrin lọ́rùn bàbá, kí àwọn sójà má bàa mọ̀ pé ọkùnrin ni. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wa, kò tì í lójú."

"Àǹtí, ta ló fẹ́ wo akọni tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn?"

"Ó dáa. Ìyá mi kú létí odò. Ta wá ló bí mi? Ta ló bí bàbá rẹ? Ẹṣin?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Vardges fò sókè: "Ẹ gbọ́ mi! Mo pa á kí n lè ríbi sunkún dáadáa ni!"

Ẹ̀rín dá. Bàbá kan dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ohun tí àwọn sójà ò rí ṣe, ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá wọn ṣe é."

Ọkùnrin tó ní òun fẹ́ ṣeré, eré làwa fi í ṣe láti ọjọ́ náà.

Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọjọ́ mọ́kànlá náà, bí Nvard ṣe ń fi gèlè gba ìrì òwúrọ̀, tó ń fún un sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. A dìde, a yí àga rẹ̀ ká. Lórí aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lára rẹ̀, Vardges ṣì ń sunkún. Kò sẹ́ni tó wò ó. Vardges gidi dúró níwájú wa, ó na apá méjèèjì, ó ń wá ojú tí yóò wo òun.

Ọmọge tó ṣe Nvard fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. A ò rí Màmá."