Bí Àwẹ̀ró, Ọlọ́pàá Orí Tẹlifíṣọ̀n, Ṣe Mú Olè Ẹja

Ẹ yà lọ́nà fún Àwẹ̀ró, ọmọ Oníkòyí, ọmọ Èṣọ́ tí kì í gba ọfà lẹ́yìn, tó jẹ́ pé iwájú gangan ni wọ́n fi í gbọgbẹ́. Àwẹ̀ró abìrìn-bí-ológun tí gbogbo ayé ń rí ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú eré àwọn obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì, níbi tí òun àti Mosúnmọ́lá, ẹnìkejì rẹ̀, ti ń fi ìbọn onígi kó ìgárá ọlọ́ṣà sí àtìmọ́lé. Òótọ́ ni pé olùdarí eré ló máa ń fi ọ̀daràn hàn án kó tó wá a rí. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé aáyán ti lé e gun àga rí. Ṣùgbọ́n ta ní í ka àléébù akọni?

Ọjọ́ tí wọ́n lọ ya eré nínú ilé àtijọ́ kan n'Ísẹ́yìn ni ogun dé. Bí àwọn méjèèjì ṣe wọlé tàwọn taṣọ ọlọ́pàá, màmá onílé gbọ́wọ́ sókè.

"Ọlọ́run ló rán yín! Sájẹ́ńtì mi, orí ẹja tí mo fi pamọ́ sínú ìkòkò ti pòórá. Ìyàwó ọmọ mi yìí ló jẹ ẹ́. Ẹ mú un lọ!"

"Mi ò jẹ ẹ́, mà," ni Ìtùnú, ìyàwó tuntun, ń wí, omijé ń bọ́ sórí ẹrù tó ti dì. Ó ń padà sílé bàbá rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìyàwó tí wọ́n bá ti pè ní aṣíkòkò-jẹ, orúkọ náà á bá a dọ́jọ́ alẹ́.

Àwẹ̀ró fẹ́ wí pé eré lásán làwọn ń ṣe. Ó wojú Ìtùnú, àánú ṣe é, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ó ní kí gbogbo wọn jáde ní ilé ìdáná. Ó ju ẹja mìíràn sínú ìkòkò, ó dé e ní ìdajì, ó sì rá pálá sẹ́yìn igi ìdáná, nígbà tí Mosúnmọ́lá, akin ẹ̀yìn ogun, ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láti orí àpótí.

Ọ̀daràn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà: ológìnní màmá fúnra rẹ̀, tí í sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni mímọ́! Ó fọwọ́ ti ọmọrí ìkòkò bí onílé. Wọ́n ní bí ológìnní bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté. Èyí ò kúrò nílé, ìkòkò ni kò ríbi sá sí.

Àwẹ̀ró fò jáde bí ẹkùn, ó gbàgbé ohun tó kù kó ṣe, ó wá ké ohun tó máa ń ké lórí tẹlifíṣọ̀n: "Dúró! Ọwọ́ òfin ti tẹ̀ ọ́!" Ológìnní ò wo tẹlifíṣọ̀n rí. Ó ha á nímú yányán, ṣùgbọ́n ọmọ Èṣọ́ dì í mú lọ́rùn, tòun tẹja lẹ́nu, títí màmá fi wọlé wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Màmá jókòó pẹ̀ẹ́. "Ìwọ tí mo ń bu tìẹ sọ́tọ̀!" Ó yíjú sí Ìtùnú. "Ìyàwó mi, tú ẹrù ẹ. Ẹnu mi ló ṣẹ̀ ẹ́, má bínú." Ìtùnú ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá nawọ́ sí ológìnní lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. "Ó yá, ẹ mú un lọ sí àtìmọ́lé."

Kí gbogbo ológìnní tó ń bẹ láti Ìsẹ́yìn dé Ọ̀yọ́ gbọ́ o: Àwẹ̀ró jà, Àwẹ̀ró ṣẹ́gun, iwájú gangan ló sì fi gbọgbẹ́, ẹ wo imú rẹ̀! Ẹni tó bá tún pe Ìtùnú ní aṣíkòkò-jẹ, kó múra sílẹ̀: ọlọ́pàá Ọjọ́bọ̀ ń bọ̀ wá mú un.