Bí Náfútálì Ṣe Bá Òbúkọ Jà Lórí Òrùlé Àgọ́

Ẹ yà lọ́nà, kí a kí Náfútálì, ọmọ Akínmọládùn, ọmọ àgbẹ̀ tí òjò ń pa gbogbo oko tí kò pa ahéré rẹ̀, ọmọ ọkùnrin tí ejò yọ sí tí ó sì dúró gbọn-in, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti sá. Síbẹ̀, nínú ìjọ kékeré àwọn Júù tó wà nílùú wọn, ife wáìnì nìkan ni wọ́n ń fún akọni yìí fọ̀, ọdún dé, ọdún lọ, ó sì ń dùn ún gan-an.

Lọ́dún yìí, Bàbá Élíásárì, olórí ìjọ, ní kí ó kọ́ àgọ́ fún Àjọ Àgọ́, níbi tí gbogbo wọn yóò ti máa jẹun ní ìrántí àwọn baba ńlá tó gbé aginjù. Bí kò bá dára, kí ó padà sídìí ife. Ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ bá ru. Náfútálì bẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ bí ẹni ń bẹ́ orí ọ̀tá, ó to imọ̀ lé imọ̀, ó dè é pinpin, títí òrùlé náà fi di odi tí ìjì yóò wò tí yóò yà, tí ẹ̀kán òjò kan kò ní ríbi gbà kọjá.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí Bàbá wọlé, tó wòkè, tó sì mi orí.

"Náfútálì, ahéré lo kọ́. Níbo la ó ti rí ìràwọ̀?"

Nítorí àṣà wọn ni pé kí ẹni tó jókòó nínú àgọ́ máa rí ìràwọ̀ láàárín ewé; bí oòrùn bá sì ti wọ̀, ọjọ́ mímọ́ ti dé nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún òrùlé ṣe mọ́. Akọni sáré wá àkàbà, aládùúgbò ti yá a lọ.

Kó tó padà dé, òbúkọ Ìyá Débórà tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìjọsìn, abirùngbọ̀n bíi wòlíì, ajẹmáyó tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ti gba orí àga tí wọ́n tò léra lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ gun òrùlé, ó ń jẹ imọ̀. Náfútálì bú ramúramù, ó gun àga tẹ̀lé e, ó gbá a lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn mú. Akọni fà, òbúkọ fà. Wọ́n ní bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí. Lórí òrùlé yẹn, kò sí èyí tó ṣeé lọ nínú méjèèjì. Okùn já, imọ̀ ya, jagunjagun méjèèjì sì gba àárín òrùlé já sórí tábìlì, sáàárín búrẹ́dì.

Oòrùn wọ̀. Náfútálì ti ń gbọ́ òórùn ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ ife lọ́wọ́ ara rẹ̀, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Bàbá gbójú sókè sí ihò náà títí ìràwọ̀ kan fi yọ, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Àgọ́ ti pé. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ àti òbúkọ ni kí ẹ jọ kọ́ ọ."

Nítorí náà, kí ilé gbọ́, kí oko gbọ́, kí ewúrẹ́ sọ fún àgùntàn: Náfútálì ọmọ Akínmọládùn, Afìdílu-òrùlé-kí-ìràwọ̀-lè-wọlé, jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Bàbá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó mu wáìnì, ó gbé ife kalẹ̀, ẹlòmíì ló sì fọ̀ ọ́.