Ejgil Tí Kò Gba Nǹkan Kan Gbọ́

Mo fi gbogbo ìwà ọmọlúàbí tó kù lára mi ṣèlérí pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó gùn, kó lọ bá Ejgil fúnra rẹ̀.

Àìlera kan ṣoṣo ni Ejgil ní: kò lè dákẹ́ nípa ohun tí kò gbà gbọ́. Kí wọ́n tó di búrẹ́dì rẹ tán ní ṣọ́ọ̀bù, yóò ti sọ fún ọ pé kò sí Ọlọ́run, kò sí ọ̀run, kò sí àǹjọ̀nnú. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní iyèméjì bí àgbà. Ejgil dàgbà títí, kò ní ẹyọ kan.

Ó fẹ́ ṣe alága ẹgbẹ́ àwa aláìlẹ́sìn ní ìlú Lemvig, ní Dẹ́nmáàkì. Solvejg, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń bá a du ipò náà. Lọ́jọ́ ìbò, a jókòó yí tábìlì ká, kọfí ń rú èéfín.

Solvejg ní, "Àwa náà ní ohun tí a gbà gbọ́. A gbà pé òtítọ́ sàn ju ìtùnú lọ. A gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá nìkan kú. Ta ló fi awò onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ìyẹn?"

"Rárá o!" Ejgil gbá àyà. "Àìgbàgbọ́ kì í ṣe ìgbàgbọ́! Ẹni tí kò jẹun, ṣé oúnjẹ lo máa pe ìyẹn?"

"Ebi ni mo pè é, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tébi ń pa, ohun tó bá kọ́kọ́ rí ló ń kì bọnu."

A rẹ́rìn-ín. Kò dùn mọ́ Ejgil.

Henning, akọ̀wé wa, bi í pé, "Alága gbọ́dọ̀ lókun. Ara rẹ ńkọ́?"

"Ara tèmi? Òtútù kì í mú mi! Mi ò mọ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn!"

Bó ti sọ ọ́ tán, ọwọ́ rẹ̀ yọ́ lọ sábẹ́ tábìlì. Ó ń kan igi tábìlì: kó, kó, kó. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Méje, mẹ́sàn-án, mẹ́tàlá," bí gbogbo ìyá àgbà Dẹ́nmáàkì ti ń ṣe, kí aburú má baà gbọ́ ìfọ́nnu.

Henning bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì.

"Ejgil," ni Henning wí, "ilẹ̀kùn ta lò ń kàn lábẹ́ ibẹ̀?"

"Àṣà lásán ni!"

"Ó dáa. Tún un sọ, má kan nǹkan kan."

Ejgil jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Òtútù... kì í..." Òógùn bò ó. "...mú..." Háṣíìì! Ó sín! Ọlọ́run tí kò sí nìkan ló mọ ìdí rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́," ni Solvejg wí.

A dìbò. Ti Solvejg, ọwọ́ kún òkè. Ti Ejgil, kò sẹ́ni tó na ọwọ́, Ejgil gan-an kò na tirẹ̀. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ o. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló wà lábẹ́ tábìlì, kò tíì kàn án tán.

Ẹ jọ̀ọ́, kó má dé etí pásítọ̀ ìlú wa. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ ìjọ.