Agogo Tí Bọ́lárìnwá Pa Lẹ́ẹ̀marùn-ún

Àléébù kan ṣoṣo ni Bọ́lárìnwá ní: kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé sí Ìkẹ́rẹ́ ni, ó ń wá iṣẹ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà; kọ̀ǹpútà kò pọ̀, ẹnu ló pọ̀.

Ilé ìwé girama kan ní agogo tuntun, ẹ̀bùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde: àpótí kékeré tí Línọ́ọ̀sì, ètò kọ̀ǹpútà kan, ń darí láti inú. Àpótí náà kò mọ aago mọ́, ìgbà tó bá wù ú ló ń lù. Bátìrì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi irin dè é mọ́ ògiri, nítorí náà yíyọ wáyà kò ràn án.

Ìyáàfin Fámúrewá, ọ̀gá ilé ìwé, ní: "Bí o bá mú un dákẹ́ kí àkókò ìsinmi tó tó, iṣẹ́ di tìrẹ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà! Àgbà kọ̀ǹpútà kì í wà nílé ìwé, kí orí agogo wọ́."

Ó so kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ mọ́ àpótí, ó tẹ àṣẹ. "Mo ti pa á!"

Gbàǹgàn!

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nígbàkigbà tí iṣẹ́ agogo yìí bá bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, yóò kọ́kọ́ lù lẹ́ẹ̀kan. Ní ilé ìwé yẹn, bí agogo bá lù lẹ́ẹ̀kan, olùkọ́ á pààrọ̀ kíláàsì. Bánjọ, olùkọ́ Yorùbá, kó ìwé rẹ̀ jáde. Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì gbé ọ̀pọ̀lọ́ wọlé.

Bọ́lárìnwá tún un pa. Gbàǹgàn! Ọ̀pọ̀lọ́ jáde, Bánjọ padà. Nígbà tó pa á lẹ́ẹ̀karùn-ún, àwọn olùkọ́ méjèèjì forí gbárí lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pọ̀lọ́ bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ sì gun orí tábìlì.

"Bọ́lárìnwá!" Bánjọ di orí mú. "Ṣé o ń pa á ni, àbí o ń kí i kú àárọ̀?"

"Ẹ̀mí rẹ̀ ló le!"

Mojírádé, olùkọ́ ìṣirò, ló bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ gbọ́: gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yóò ṣe nígbà tó bá jí ló wà nínú àkọsílẹ̀ kan, bí orúkọ ọmọ kíláàsì nínú rẹ́jísítà. Lórí ìlà ti agogo, wọ́n kọ ọ́ pé: bí èyí bá kú, jí i dìde kíá. Ta ló wá ń pa á láìkọ́kọ́ fagi lé ìlà yẹn? Mojírádé fi àmì kan síwájú ìlà náà, kí ẹ̀rọ má kà á mọ́. Ó ní kí ẹ̀rọ tún àkọsílẹ̀ yẹ̀ wò, ó wá pa iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kẹ́kẹ́ pa.

Bọ́lárìnwá tún táì rẹ̀ ṣe. "Ṣé ẹ rí i, mà? Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán kí wọ́n tó dé. Ọjọ́ wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

"Máa lọ ulé rẹ."

Ó jáde. Ìdí Ìyáàfin Fámúrewá kò tíì kan àga tó tún yọjú: "Mà, igbákejì olùkọ́ ńkọ́?" Wọ́n lé e. Ó gba ojú fèrèsé yọrí: "Ọ̀sẹ̀ méjì péré, mà!"

Ọ̀gá ilé ìwé yíjú sí Mojírádé.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ibo la máa fi àmì sí ní ti eléyìí?"