Àwọn Tó Bomi Pa Òdòdó Ọ̀lẹ

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, òkú òdòdó inú ìkòkò ló ṣáájú rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ló gbé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ojú rẹ̀ rọ ju ewé òdòdó náà lọ.

"Kábíyèsí, Ìyá Olódòdó bayé mi jẹ́! Àfẹ́sọ́nà mi ní òun ò lè fẹ́ ọkùnrin tí ò lè tọ́jú nǹkan. Ó ní tí mo bá tọ́jú òdòdó kan títí tó fi tanná, òun á fẹ́ mi. Mo lọ bá Ìyá Olódòdó, mo ní mi ò gbin nǹkan kan rí, kó fún mi ní èyí tí ò ní wàhálà. Ẹ wo ohun tó tà fún mi!"

Ìyá Olódòdó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, òdòdó ọ̀lẹ ni mo tà fún un. Ewé ẹ̀ nípọn, ibẹ̀ ló ń fomi pa mọ́ sí. Mo ní: gbé e sójú fèrèsé, máa tìka bọ iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀. Tó bá gbẹ, bomi rin ín. Tó bá tutù, gbàgbé ẹ̀. Ṣé ẹ̀bi mi ni pé ọmọ yìí ò mọ ọ̀lẹ ṣe?"

"Èmi kẹ̀? Ife omi kan péré ni mò ń fún un láràárọ̀! Mo sì fi abẹ gé àwọn tó yọ ṣóńṣó lórí ẹ̀, kórí ẹ̀ lè gún."

"Yéè! Ìrudi ẹ̀ lo fá yẹn!"

Àwọn ìjòyè fọwọ́ bonu. Ọba ní kí ẹlẹ́rìí wọlé. Ìyá onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ dé.

"Irọ́ lọmọ mi ń pa, kò bomi rin ín rí! Àánú òdòdó yẹn ló ṣe mí. Èmi ni mò ń da garawa omi sí i lọ́sọ̀ọ̀sán."

"Garawa kẹ̀, Màmá?" ni onígbàjámọ̀ kígbe.

"Garawa kékeré ni."

Àfẹ́sọ́nà náà, tó jẹ́ aránṣọ, fò dìde. "Kò sẹ́ni tó bomi rin nǹkan kan níbẹ̀! Èmi ni mò ń yọ́ bu àwo omi kan sí i nírọ̀lẹ́."

"Ìwọ tó o ní kó dá tọ́jú ẹ̀?" ni Ọba bi í.

Ó wolẹ̀. "Mi ò fẹ́ kó fìdí rẹmi ni, Kábíyèsí."

Ọba tún ìjókòó ṣe. "Ìyá Olódòdó jàre. Ẹ gbómi wá! Kí kálukú yín mu iye tó ń fún òdòdó yìí lójúmọ́."

Onígbàjámọ̀ gbé ife tiẹ̀ mì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ mu garawa dé ìdajì, ó ń mí helehele.

"Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi! Ó tó, mi ò lè mu mọ́!"

"Ohun tí òdòdó náà ń wí nìyẹn," ni Ọba wí, "ẹnu ni ò ní."

Ó kan aránṣọ. Kó tó gbé àwo kanu, onígbàjámọ̀ já a gbà.

"Fi í sílẹ̀, ikùn ẹ á bẹ́!" ni aránṣọ kígbe.

"Jẹ́ n bá ẹ mu ún!"

Omi ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ wọ àyà. Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Kábíyèsí, mo ti gbà. Ó lè tọ́jú nǹkan. Màá fẹ́ ẹ."

Ọba ní kí wọ́n lọ ṣègbéyàwó, kí Ìyá Olódòdó sì fún wọn ní òdòdó ọ̀lẹ mìíràn. "Ṣùgbọ́n ọkọ ò gbọdọ̀ mú abẹ sún mọ́ ọn, ìyá ọkọ ò sì gbọdọ̀ gbé garawa wọlé. Tí èyí bá tún kú, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni màá gbìn sínú ìkòkò, mo sì mọ ẹni tí á máa bomi rin yín."

Ìyá Olódòdó ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.