Sitebiláísà Bàbá Dọ́tun

Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tó ń ṣọ́ ọlọ́dẹ, olè ló ń bá ṣiṣẹ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ kàn ń mirí. Ẹ fetí sílẹ̀ jàre.

Bàbá Dọ́tun kan wà ní Ìkìrun tí ẹ̀rù iná mànàmáná ń bà ju ẹ̀rù ejò lọ. Fírísà ìyàwó rẹ̀ ló fà á. Ẹja dídì tí Ìyá Dọ́tun ń tà ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Bí fírísà bá jó pẹ́nrẹ́n, ebi dé nìyẹn. Iná àdúgbò wọn kì í sì í rọra dé. Bó bá ti dé, gílóòbù á funfun báláú, bàbá á sáré lọ fa wáyà fírísà yọ.

Nígbà tó sú u, ó ra sitebiláísà. Wàídì oníná so ó mọ́ fírísà. "Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Ọlọ́dẹ fírísà nìyí. Bí iná bá ya wèrè, òun ló máa kọ́kọ́ kò ó."

"Òun kẹ̀? Bó bá wá jó ńkọ́? Tuntun rẹ̀ nìyí o!"

Wàídì ò tíì dé ìta tí bàbá ti tú u. Ó dá a padà sínú náílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Síbẹ̀, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Bí eku bá jẹ wáyà rẹ̀ ńkọ́? Ó wá ológbò. Bí ológbò bá tọ̀ sí i ńkọ́? Ó gbé sitebiláísà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ìyàwó máa sùn lórí ẹní.

"Bàbá Dọ́tun, ẹ so nǹkan yìí mọ́ fírísà mi, mo bẹ̀ yín!"

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ kó bàjẹ́ ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ẹja kún fírísà dẹ́nu, iná bá dé. Gílóòbù funfun, ó dún gbàù, ó fọ́.

"Ẹ yọ fírísà o!" ni Ìyá Dọ́tun ń pariwo.

Bàbá dìde eré, ó kọjá lára fírísà fìrì, ó wọ yàrá, ó gbá sitebiláísà mọ́ra. Nígbà tó ṣe, ó gbé e jáde bí ọmọ tuntun. "Ẹ bá mi yọ̀! Nǹkan kan ò ṣe é!"

Fírísà ti jó, èéfín ti gba pálọ̀. Ìyá Dọ́tun wo fírísà, ó wo ọkọ rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ kú oríire," ló wí. "Ọlọ́dẹ ò fara pa. Ilé nìkan lolè kó."

Láti ìgbà tí wọ́n ti ra fírísà tuntun, ara rẹ̀ ni sitebiláísà wà títí di òní, Ìyá Dọ́tun wà lórí bẹ́ẹ̀dì, bàbá sì ń sùn lórí ẹní. Bó bá ráhùn pé ẹ̀yìn ń dun òun, ìyàwó á kàn yí ojú sógiri, á ní: "Ẹni tó ń ṣọ́ ọlọ́dẹ, olè ló ń bá ṣiṣẹ́."